Àmútutù, kì í ṣe amútutù: lórí àtọ̀ ẹran tí a fẹ́ pa mọ́

Ẹ̀yin ará,

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé wá fún ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ní kí a pe àtọ̀ tí a gbà lára akọ, tí a bomi là, tí a sì mú tutù kó má bàa tètè bàjẹ́ kí a tó fi ọwọ́ ara wa fi sínú abo, ní "àtọ̀ amútutù". Ẹlòmíràn ní kí a kúkú pè é ní "àtọ̀ dídì", kí ẹjọ́ parí. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́: n kò gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ wo a- tó wà níwájú yẹn. Ohùn àárín ni, olùṣe ló sì máa ń bí: apẹja, akọ̀wé, amòfin. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, "àtọ̀ amútutù" ni àtọ̀ tó ń mú nǹkan mìíràn tutù. Kí ló fẹ́ mú tutù? Àtọ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan, àwa la mú un tutù, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì tọ́ sí i. Táíwò àti Òjó, orúkọ àmútọ̀runwá là ń pè wọ́n. Mú tó wà níbẹ̀ náà ló wà nínú amúlétutù. Ta ló gbọ́ "orúkọ amútọ̀runwá" rí? Àdàkọ, àyànfẹ́, àbùlà, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n fèsì pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí púpọ̀ nínú wa tó dáyé, pé àmì ohùn kan ṣoṣo kò tó ohun tí à ń jà lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò lè sọ a- di à-. Àwọn ìyá wa àgbà tí kò mọ̀wé, tí wọn kò fi àmì sórí ohunkóhun rí, kò jẹ́ ṣi ohùn wọ̀nyí pè. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: kíkánjú pé kí ọ̀rọ̀ tuntun jáde kò ní ká fọ́jú sí ohun tí etí wa ti mọ̀.

Ti "dídì" ló bí mi nínú jù, torí ó lè ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Àtọ̀ dídì wà lóòótọ́. Ti màlúù ni ẹ ó sábà rí, nínú ọ̀pá tín-ín-rín tí kì í gbà ju ìdajì mìlílítà lọ, tí wọ́n rì sínú náítírójìn olómi níbi tí òtútù ti dé -196°C. Ní 1949, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Polge, Smith àti Parkes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i lára àtọ̀ àkùkọ pé gílísẹ́rọ́ọ̀lù, omi kíki kan, kì í jẹ́ kí dídì pa sẹ́ẹ̀lì àtọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn ti gbilẹ̀. Ti ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nínú ike bíi 80 sí 100 mìlílítà ló máa ń wà, 15 sí 18°C ni wọ́n sì ń pa á mọ́. Bó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá ara awọ sẹ́ẹ̀lì á le, awọ á sán, sẹ́ẹ̀lì á kú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kó tutù lójijì. Á sì máa dojú ike náà bolẹ̀ jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì a máa rì sísàlẹ̀. Ẹ wá kọ "dídì" sára ike yìí, ọmọ iṣẹ́ á gbé e sínú fírísà, sẹ́ẹ̀lì á kú, abo tí wọ́n bá fi í sí nínú kò sì ní lóyún. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 21, abo á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ, olówó á sì máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmù tí wọ́n máa ń rì sínú iyanrìn láyé àwọn àgbà, omi inú rẹ̀ tutù, kò dì. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́.

Ọmọ wa kan láti Lọ́ńdọ̀nù dábàá "àtọ̀ tútù". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹja tútù ni èyí tí a kò tíì yan, ewé tútù ni èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Àtọ̀ tútù ni ti àkùkọ àti tòlótòló tí wọ́n gbà tí wọ́n sì lò láàárín wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ìyẹn.

Ẹnìkan tún ní pípe àtọ̀ tí a bomi là ní "àbùlà" kò dára nítorí ẹmu àbùlà, pé ó jọ èrú. Mo kọ̀. Omi tí a fi ń bu àtọ̀ là ń bọ́ ọ ni. Láti 1940 tí Phillips àti Lardy ti fi pupa ẹyin sí ti màlúù ní Amẹ́ríkà ni a ti mọ̀ pé ẹyin ń gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ òtútù, débi pé 4 tàbí 5°C kò pa á. (Ti òbúkọ gba ìṣọ́ra: nǹkan kan wà nínú àtọ̀ òbúkọ fúnra rẹ̀ tó máa ń mú pupa ẹyin dì.)

Àwọn tó ń fẹ́ "irúgbìn" nítorí ìtìjú, ẹ jọ̀ọ́, àtọ̀ lorúkọ rẹ̀. N kò sì tíì gba kí a pe fífi tí ènìyàn ń fi àtọ̀ sínú abo ní "ìgùn àtọwọ́dá", nígbà tí kò sí ẹran tó gun ẹran. Ìfàtọ̀sínú ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n ní ó rí gbàgẹ̀rẹ̀ létí àwọn. A ó tún jà á.

Wọ́n ní àwọn á mú ìwé atúmọ̀-èdè àtijọ́ kan wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí wọ́n mú un wá. Ṣùgbọ́n kó tó dé, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ ìwé pélébé náà, ohun tí ẹ ó kọ sára ike ẹlẹ́dẹ̀ nìyí: "Àtọ̀ àmútutù. 17°C. Má gbé e sínú fíríìjì."