Mazda Cosmo Sport: ṣé ti àkọ́kọ́ ni lóòótọ́?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ̀ Jàpáànù àtijọ́. Mo fẹ́ ra Mazda Cosmo Sport kan, onílẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnnì rotary (èyí tí irin onígun mẹ́ta, rotor, ń yí nínú rẹ̀ dípò píísítìnnì). Ẹni tó ń tà á ní ti 1967 ni, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọn ò ṣe tó 350. Àmọ́ jíà márùn-ún ló ní! Mẹ́rin ni mo mọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. 1968 ni wọ́n sọ ọ́ di márùn-ún, tí wọ́n sì fi sẹ̀ǹtímítà 15 kún àlàfo táyà iwájú sí tẹ̀yìn. Ṣé wọ́n kàn pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì ni, àbí wọ́n fẹ́ lù mí ní jìbìtì? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá apex seal (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí ṣóńṣó rotor kí afẹ́fẹ́ má bàa jò) ti jẹ, kí n tó sanwó? Owó ilé ni wọ́n ń pè é o, kì í ṣe owó ọkọ̀.