Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta D&D (Dungeons & Dragons, eré ìtàn àfẹnusọ tá a ń fi dáìsì ta) ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, báwo lẹ ṣe ń dín ìpànìyàn inú eré kù?

ỌmọÌpẹru: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tí mò ń ṣe DM (ẹni tó ń darí eré) fún, ohun tó bá ṣáà ti yọjú ni wọ́n ń pa. Ẹni tó yẹ kí wọ́n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí. Kí lẹ̀yin ṣe sí tiyín?

Abẹ́nilórí: Èmi rèé 😂

Bọ̀dáṢágámù: Mo gbé tèmi wọ igbó kan tó rí bí Ẹrẹ́dò Súngbọ́, yàrà jíjìn, ògiri amọ̀ gàgàrà. Àwọn goblin, ìyẹn iwin kéékèèké inú eré, dúró lẹ́nu ibodè. Kí n tó délẹ̀, àbúrò kan ti gbé d20, dáìsì olójú ogún tá a fi ń jà. Mo ní ó yá, sinmi. Mo da dáìsì lúdò méjì bí ìwé òfin D&D ti 1981 ṣe ní ká ṣe ká lè mọ̀ bóyá ìjà lọ̀tá ń wá. 11! Goblin ní, "Ẹ káàbọ̀. Èló lẹ mú wá?" Ogún gold ló pè. Wọ́n ná an títí, wọ́n san mẹ́ta. Idà kankan ò jáde lákọ̀.

Àdùkẹ́Òde: Goblin tó ń gba owó ibodè, Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé nìyẹn!

Abẹ́nilórí: Irọ́ ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa san mẹ́ta?

Akẹ́kọ̀ọ́Àgọ́: Torí ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú tì lòyìnbó fi kógun wá ní 1892. Ẹ ṣọ́ra.

Àdùkẹ́Òde: Ẹ gbé kíláàsì ìtàn lọ síbòmíì jọ̀ọ́. Kí sì ni ará Ṣágámù ń fi Ẹrẹ́dò ṣe? Tiwa ni.

Bọ̀dáṢágámù: "Tó rí bí" ni mo kọ. Ẹ kà á dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́Àgọ́: XP, máàkì ìrírí tí ẹ̀dá inú eré fi ń dàgbà, ló ń fà á. Bó bá jẹ́ pípa lẹ̀ ń sanwó ẹ̀, wọ́n á pa. Láyé àtijọ́, wúrà téèyàn bá kó jáde ló ń mú XP gidi wá, ti ẹ̀dá tí wọ́n pa kéré gan-an. Ẹni tó bá fẹnu là á já lọ́dọ̀ mi, XP kan náà ló ń gbà.

ỌmọÌpẹru: Èyí mọ́gbọ́n dání.

Jagunlabí: Ìwé òfin ti 2014 gan-an gbà pé bẹ́ ẹ bá fi idà tàbí kùmọ̀ lu ọ̀tá tí hit point ẹ̀ (iye ẹ̀mí tó kù fún un) di òdo, ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá ó kú ni àbí ó dákú. Ti ọfà ò sí níbẹ̀ o.

Àdùkẹ́Òde: Ẹ má dán an wò! A dá bandit kan sí, a dè é lókùn, a ń bọ́ ọ. Ó ń jẹun ju barbarian (jagunjagun oníbìínú) wa lọ.

ỌmọÌpẹru: Ibo ló wà báyìí?

Àdùkẹ́Òde: Òun ló ń dáná fún wa.

Abẹ́nilórí: Ṣé ó mọ ìkọ́kọrẹ́ sè?