Bí owó bá pọ̀ lójú, wọ́n á ní òun ló pọ̀ jù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́. Tí mo bá kọ ₦200, ₦50 àti ₦500 sójú pátákó, àwọn ọmọ á tò ó láti kékeré sí ńlá láìṣì. Ṣùgbọ́n tí mo bá kó owó gan-an sílẹ̀, ₦50 mẹ́rin lápá kan, ẹyọ ₦500 kan lápá kejì, mẹ́rin yẹn ni wọ́n máa mú pé ó pọ̀ jù! Kọ́bọ̀ ni ìwé wa ṣì fi ń ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọn ò rí rí. Ṣé kí n kọ́kọ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ₦500 sí ₦50 mẹ́wàá ni, àbí kí n pàtẹ ọjà sínú kíláàsì? Èwo ló ti ṣiṣẹ́ fún yín?