Ìbéèrè kẹfà nínú PHQ-9: "Àǹtí, ẹbí wo?"

Àǹtí Ṣómólú:
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àwọn méjì kan la túmọ̀ PHQ-9 (ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò) àti GAD-7 (ìbéèrè méje tí wọ́n fi ń yẹ àníyàn àṣejù wò) sí Yorùbá fún àwọn ọmọ òrukàn tó wà láàárín ọdún 13 sí 17. Kó tó di pé a fún ọ̀pọ̀ ọmọ, à ń bá ọmọ 8 jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan nílé tí wọ́n ti ń tọ́ wọn ní Mushin. A ó ka ìbéèrè, ọmọ á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́.

Ibi ìdáhùn la ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ni ìwé náà ń bèèrè, ìdáhùn sì ń lọ láti 0 (kò ṣe ọ́ rárá) dé 3 (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́). Èyí tó jẹ́ 2 túmọ̀ sí pé ọjọ́ tí nǹkan náà ṣe ọ́ ju ìdajì ọjọ́ 14 lọ. Àwa kọ "ó ju ìdajì ọjọ́ lọ." Ọmọkùnrin kan ní rárá o, àárọ̀ nìkan ni inú òun máa ń bàjẹ́, tó bá fi di ọ̀sán òun ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní àárọ̀ ọjọ́ mélòó? Ó ní ojoojúmọ́ ni. 0 ló fẹ́ mú, bẹ́ẹ̀ 3 ló yẹ ẹ́!

Ìyẹn ṣeé tún ṣe. Ìbéèrè kẹfà ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó ń bèèrè bóyá èèyàn rò pé òun ti já ara òun tàbí ẹbí òun kulẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 14 kan wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, ẹbí wo?" Mi ò rí èsì fún un. Ṣé ká yọ "ẹbí" ni, àbí ká kọ "àwọn tó ń tọ́jú rẹ"?

Nọ́ọ̀sì Sùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ẹ má kọ "àwọn tó ń tọ́jú rẹ." Ọmọ tó ń jẹun lọ́wọ́ èèyàn, ẹ̀rù á bà á láti sọ pé òun já onítọ̀hún kulẹ̀. Ẹ kọ "àwọn èèyàn rẹ." Òkú wà níbẹ̀, alààyè wà níbẹ̀. Mo ti tọ́jú ọmọ tó gbà pé torí òun ò tètè ké sí aládùúgbò ni ìyá òun ṣe kú.

Ní ti ọjọ́, ẹ ka ẹ̀wà 14 sínú abọ́, kí ọmọ ṣa iye ọjọ́ tó ṣe é.

Ìyá Ìbejì Èbúté-Mẹ́ta:
Ìbéèrè kẹsàn-án ńkọ́, èyí tó ń bèèrè nípa ikú? Tí ọmọ bá mú ohunkóhun ju 0 lọ níbẹ̀, ta ló máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an? Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Yaba, kò jìnnà. Àmọ́ ẹ ṣàlàyé fún ọmọ dáadáa, torí "Yaba" ni wọ́n fi ń bú ara wọn nílé ìwé. Àti pé àròpọ̀ 10 tí wọ́n fi ń ṣe ààlà nínú PHQ-9, pé ẹni tó bá dé ibẹ̀ lè ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lára àgbàlagbà Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dán an wò lọ́dún 2001. Ẹ jẹ́ kí dókítà ọpọlọ bá díẹ̀ lára àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó lò ó.

Àǹtí Ṣómólú:
Ẹ ṣé gan-an, mà. A ti dá ìbéèrè kẹsàn-án dúró títí a ó fi rí ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wa. Nọ́ọ̀sì, mo ka "àwọn èèyàn rẹ" fún ọmọbìnrin yẹn lánàá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màmá mi, àti àbúrò mi tó wà ní Ìkòròdú." Ló bá fa abọ́ sọ́dọ̀, ó ṣa ẹ̀wà 11.