Ìdáhùn: «Bàtà aláìgbomi oníka-irin» kò bá bàtà náà mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ, pé bùútù iṣẹ́ tí wọ́n fi irin sí níwájú, tí omi kì í sì í wọ̀, «bàtà aláìgbomi oníka-irin» ni ká máa pè é. Ènìyàn bíi mẹ́fà ti kan sáárá sí wọn. Mi ò lè bá wọn kan án. Sáìtì ìkọ́lé ni mo ti ń jẹun l'Ékòó, ó ti tó ọdún 19, bàtà tí à ń wí yìí ni mò ń wọ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá fẹ́ fún un lórúkọ, ó yẹ kí orúkọ náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ n ti orí «oníka» bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dùn mí jù. Ohun tí nǹkan ní ni oní- máa ń sọ. Oníṣu ló ní iṣu, aláṣọ ló ní aṣọ. Oníka-irin ni ẹni tí ìka rẹ̀ jẹ́ irin. Bàtà kì í ní ìka. Èmi tí mo wọ̀ ọ́ ni mo ní ìka, ẹran àti eegun sì ni. Irin inú bàtà rí bí ahá tí a là sí méjì, tí a wá fi ẹ̀là kan dé ọmọ ìka márààrún lórí. Àárín awọ òde àti aṣọ inú ló wà, ojú kì í rí i àfi bí awọ bá ti họ. Iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, EN ISO 20345, ní ó gbọ́dọ̀ gba ìlù 200 joule láì wó lé ọmọ ìka, bí ìgbà tí irin 20 kílò bá já lù ú láti ibi tó ga ju mítà kan lọ díẹ̀. Òrùlé tó bá máa gba irú èyí dúró kò lè nà. Ìdí nìyẹn tí bàtà tuntun fi ń dá àwọn ọmọ iṣẹ́ lóró: awọ máa ń mọ ẹsẹ̀ ẹni bó bá pẹ́, irin kì í mọ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí bíríkìlà bá lóṣòó, etí irin á máa tẹ̀ ẹ́ lórí oríkèé ọmọ ìka, kó tó dìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ ti léròrò. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n lọ ra á, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé ààyè wà láàárín ọmọ ìka àti irin. Ìka lọ́tọ̀, irin lọ́tọ̀. Ọjọ́ tí irin bá kan ìka, bàtà náà ò ṣeé wọ̀ mọ́. Orúkọ tó wá so ìka pọ̀ mọ́ irin, ibo ló ti rí i?

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ìka, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín. Ìkà, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì. Ta ló ń fi àmì ohùn sára páálí bàtà? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ «onika» sí i, oníkà ni ará ọjà máa kà. Ìyá wo ló máa sanwó bàtà oníkà fún ọmọ rẹ̀ tó ń lọ kọ́ṣẹ́? Ẹ̀gbọ́n dáhùn lánàá pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dénú kò ní ṣì í kà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní gírámà nígbà tí mo ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú kọ́ ni a ń ṣe orúkọ ọjà fún. Gbogbo èèyàn ni.

Ó kan «aláìgbomi». Ẹnì kan kọ ọ́ ní «aláìgbómi» níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ti kúrò lórí gbà, ó ti di gbé, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í ru omi. Gbà ni ẹ̀gbọ́n ní lọ́kàn, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló di àárín nígbà tí omi tẹ̀ lé e. Ó dáa bẹ́ẹ̀ ní gírámà. Àmọ́ ṣé bàtà náà ò gba omi lóòótọ́?

Mo ra ọ̀kan ní ọdún 2016, tuntun, nínú páálí. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi, eruku orí páálí náà ti dì. Ọjọ́ kẹta tí mo wọ̀ ọ́, mò ń gun àtẹ̀gùn, mo wẹ̀yìn, mo rí i pé mò ń já nǹkan dúdú sílẹ̀ bí èérún àkàrà. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni. Mo fi èékánná ha á, ó ń rún wómúwómú. Fóòmù tí wọ́n ń pè ní polyurethane ni wọ́n fi ṣe é. Ó fúyẹ́, ó tura lẹ́sẹ̀ ju rọ́bà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀, á sì máa já ohun tó so ó pọ̀. Bí a bá gbé e sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láì wọ̀ ọ́, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ bíi tiwa, inú páálí ni yóò ti jẹrà. Lọ́jọ́ náà tí mo bọ́ ọ, ìbọ̀sẹ̀ mi gbẹ táútáú. Omi ò wọ inú bàtà. Bàtà fúnra rẹ̀ ló ti gbomi yó. Gbà yàtọ̀ sí wọ̀, ẹ̀gbọ́n. Owó mi ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Kì í wá í ṣe irú kan, àmì tí wọ́n kọ sára bàtà ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Èyí tí wọ́n kọ S3 sí, awọ òkè rẹ̀ ni wọ́n dán wò pé omi kò gbọdọ̀ tètè là á kọjá. Bó o bá dúró sínú ọ̀gbàrà, omi á gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Èyí tí wọ́n kọ WR sí, bàtà náà lódindi ni wọ́n dán wò. S5 ni ti rọ́bà látòkèdélẹ̀, èyí tí à ń pè ní rénbúùtù. Omi ò ní wọlé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òógùn náà ò ní jáde. Bí àwọn tó ń da kọnkéré bá bọ́ ọ lọ́sàn-án, wọ́n á fún ìbọ̀sẹ̀, omi á máa ro tótó. Ẹ bá mi fi «aláìgbomi» kan ṣoṣo pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí lébìrà tó fi owó ọ̀sẹ̀ méjì ra S3 wá bi mí pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ òun fi rin gbindin.

Àǹtí wa láti Ìbàdàn ti dábàá «aláìrin» nítorí rin yìí. Ọ̀rọ̀ àtàtà ni rin, inú rẹ̀ ni ọ̀rinrin ti wá. Ṣùgbọ́n bàtà tó ní irin, tí a wá ń pè ní aláìrin? Tí ẹlòmíì á tún kà sí aláìrìn, ẹni tí kì í rìn? Àǹtí, ẹ má bínú, kò lè ṣe é.

Àì- gan-an ni mi ò fẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo àwọn aláì- tí a ní: aláìgbọràn, aláìmoore, aláìsàn. Èébú tàbí àìlera ni. Mo mọ̀ pé ẹ ó fi aláìlẹ́gbẹ́ àti aláìlábùkù lù mí, ṣùgbọ́n «ní» tó di l ló wà nínú ìyẹn, ohun tí nǹkan ò ní ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ohun tí kì í ṣe. Aláìṣẹ̀ àti aláìkú ni mo rántí tó yàtọ̀. Ẹni tó bá ní òmíràn kó mú un wá.

Bàbá bàbá mi, ọdẹ ni ní Ìgbòho. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ìbọn ran ènìyàn, ayẹta ni wọ́n ń pè é. Ti àdá, òkígbẹ́. Wọn ò pè é ní aláìgbọta. Ọta ń bọ̀, nǹkan náà sì yẹ̀ ẹ́. Yẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ewé kókò ń ṣe sí òjò náà nìyẹn: omi á dà lé e, á dì ṣùkù, á yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀, ara ewé á gbẹ. Nítorí náà mo dábàá ayẹ-omi. Mi ò pa fáwẹ̀lì rẹ̀ jẹ, torí bí a bá ní «ayẹmi», Yẹmí ni gbogbo ayé máa gbọ́. Fún irin, onírin tó. Bùútù onírin ayẹ-omi. Èyí tí kò bá yẹ omi délẹ̀, kí a má fi ayẹ-omi pè é, kí a pè é ní onírin lásán.

Ẹni tó kọ̀wé láti Houston pé orúkọ ilé-iṣẹ́ Bata la fi ń pe bàtà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tún un kọ síbí mọ́. Ọdún 1894 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní Zlín, ìlú kan ní ilẹ̀ Czech. Bíbélì Yorùbá ti pé ní 1884, Ọlọ́run sì ti ní kí Mósè bọ́ bàtà nínú rẹ̀. Bí àǹfààní bá wà, a ó sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lọ́tọ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa jáde nínú kòtò ìpìlẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó ní: «Fóòmàn, onírin mi ti ń jò.» Ọmọ náà ò ka lẹ́tà ẹnikẹ́ni. Jò ló bọ́ sí i lẹ́nu, bí a ti ń wí i fún òrùlé àti agbè. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ dúró lórí àì- dandan, ẹ kúkú fi jò sí i, kó jẹ́ àìjò, n ò ní bá yín jà púpọ̀. Oníka ni mi ò ní gbà.