Èsì: ilẹ̀ tí a dá sí kì í ṣe «adáàbòbò»

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹni wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn túmọ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe ní Kalifọ́níà: wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ kí ilé má baà gbà á, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni. Ó pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní «ilẹ̀ òfìfo adáàbòbò». Mo kà á, inú bí mi.

Ẹ jẹ́ ká fi òfìfo sílẹ̀ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó tí ìrókò àti ọ̀bọ wà nínú rẹ̀ kò ṣófo rárá. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, a- tó ṣíwájú adáàbòbò yẹn, gan-an ni mo dìde sí. Apẹja ló ń pẹja. Adájọ́ ló ń dájọ́. Adáàbòbò tí ẹ fi ohùn àárín bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń dáàbò bo nǹkan. Ní Kétu wa níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ni adáàbòbò, ìlú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni a dáàbò bò. Ta ló ń fi orúkọ ẹnubodè pe ìlú? Ohun tí a ṣe nǹkan sí, ohùn ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀: àkọsílẹ̀, àfikún, àjogúnbá. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fa àgbẹ̀ àti àlejò yọ, tí ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wọn, síbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹni tó ń ṣe nǹkan. Ìyẹn ti wà kí wọ́n tó bí wa. Ẹni tó bá ń dá ọ̀rọ̀ tuntun lónìí gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tó là.

Wọ́n ní ohùn kan ṣoṣo ni mò ń pariwo lé lórí. Ohùn kan ṣoṣo ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ.

Bí ẹ bá sọ ọ́ di àdáàbòbò, gírámà yóò gbà á, ṣùgbọ́n «ilẹ̀ àdásí» ni èmi fara mọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣán oko ní Sábẹ̀ẹ́, wọ́n á dá igi emi àti igi irú sí, àdá kì í kàn wọ́n. Bàbá bàbá mi kò sọ rí pé òun ń dáàbò bo igbó. «A dá a sí ni,» bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ẹnìkan láti Èkó ní ká kúkú pè é ní ilẹ̀ ìjọba. Kò tọ́. Ní Kalifọ́níà yẹn, California Protected Areas Database ló ń kó ilẹ̀ tí ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ aláìlérè ni pátápátá jọ. Ìwé mìíràn wà fún ilẹ̀ tó ṣì wà lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ẹni yẹn lè tà á, ó lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ó ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ láti kọ́lé kún ibẹ̀, àdéhùn náà sì de ẹni tó bá rà á. Ilẹ̀ ìjọba ha nìyẹn? Ní ọ̀dọ̀ wa ńkọ́, ta ló ni igbó orò? Ìjọba Benin fi ìwé àṣẹ ti ọdún 2012 fún un ní ipò lábẹ́ òfin, síbẹ̀ àwọn tó ń bọ ibẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ọgbà igi tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lónìí, ara igbó àwọn ọba ni wọ́n ti gé e. Olówó rẹ̀ yí padà, àwọn igi àgbà tí wọ́n dá sí ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti ẹni tó ní Faransé ti ba èdè àwa ará Benin jẹ́, kí ó wá sí ọjà Kétu kó wá gbọ́ ẹnu àwọn ìyá wa. Ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé níbí; torí yín ni mo ṣe fi àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ.

«Ìtọpinpin» tí wọ́n fi pe iṣẹ́ àkọsílẹ̀ náà kò dùn mọ́ mi nínú pẹ̀lú, olè ni a ń tọpinpin. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ bá wa dá sí èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹni Ìbàdàn kọ́kọ́ fún mi ní ọ̀rọ̀ kan péré tí a- ohùn àárín bẹ̀rẹ̀, tí a fi dá a látara ìṣe, tó sì jẹ́ ohun tí a ṣe nǹkan sí. Kí ó tó mú un wá, mi ò ní kọ adáàbòbò.