Bí àwọn gáàdì Houston ṣe dàgbà lójú wa: ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí

Ará Bissonnet, Houston:

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Mo fẹ́ kí á sọ ìrírí wa nípa ẹgbẹ́ Yunifásítì Houston ní sáà 2024 sí 2025, pàápàá nípa àwọn gáàdì wọn, ìyẹn àwọn tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù gòkè tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn yòókù. Àbájáde eré kọ̀ọ̀kan wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí ni mò ń béèrè, yálà inú pápá ni ẹ wà tàbí iwájú tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni yóò kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe dàgbà tó ní láti rántí oṣù kẹta ọdún 2024 ní Dallas, nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ Jamal Shead rọ́ nínú eré tí Duke fi àmì 54 sí 51 lé Houston kúrò nínú ìdíje NCAA, èyí tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń du ife. Shead ló ń darí ohun gbogbo nínú ẹgbẹ́ náà. Bí wọ́n ṣe mú un jáde ni eré dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ló wọ NBA, tó gba Toronto lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Kelvin Sampson wá mú Milos Uzan wá láti Oklahoma kí ó dí àyè náà. Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù í fi síbi tó yẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá, nígbà tí Auburn wá nà wá ní 74 sí 69 ní Toyota Center níhìn-ín, mo wà níbẹ̀, mo sì wò ó dáadáa: yóò gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àárín, yóò fi lé gáàdì kejì, L.J. Cryer, lọ́wọ́, yóò sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àlejò tí wọn kò tíì fi yàrá hàn. Lẹ́yìn èyí, Alabama àti San Diego State tún lu Houston ní Las Vegas, méjèèjì nínú àfikún àkókò. Eré méje ni wọ́n ti gbá nígbà náà, wọ́n sì ti pàdánù mẹ́ta. Ní ilé oúnjẹ tí a ti ń wo eré, àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà sọ́wọ́ Cryer, kí Uzan lọ jókòó.

Sampson kò ṣe bẹ́ẹ̀, èyí ni mo sì kà sí ìpinnu tó dára jù lọ nínú sáà náà. Ó fi Uzan sílẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù, ó sì tú Cryer sílẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Cryer, tó wà nínú ẹgbẹ́ Baylor tó gba ife ní 2021, kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń fi ṣe adarí eré ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá sá yí ká ẹ̀yìn J'Wan Roberts, ọ̀kan nínú àwọn òmìrán ẹgbẹ́ náà, tó fi ara dínà fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ, tó sì bá bọ́ọ̀lù pàdé níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró, ìgbà yẹn ni ó léwu jù. Emanuel Sharp, gáàdì kẹta, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní apá kejì. Nígbà tí àwọn aṣọ́nà bá ti pín ara wọn sí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, àárín á ṣí sílẹ̀ fún Uzan láti wọlé, kí ó sì rọra ju bọ́ọ̀lù gba orí àwọn tó ga. Láti oṣù kejìlá ni mo ti rí i pé kò wo bẹ́ǹṣì mọ́ kí ó tó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á gbàgbé àwọn tó ń ti orí bẹ́ǹṣì wọlé. Terrance Arceneaux ń padà bọ̀ láti inú ìfarapa iṣan gìgísẹ̀ tó ti pa á tì láti oṣù kejìlá 2023. Ramon Walker, ọmọ àdúgbò wa níhìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọlé kí ó sì kó ìdààmú bá ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù mú. Mylik Wilson ni ó wù mí jù. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní 2025, ní ilé Kansas, Houston wà lẹ́yìn pẹ̀lú àmì mẹ́fà nígbà tí àfikún àkókò àkọ́kọ́ kù díẹ̀ kó parí. Sharp ju alámì mẹ́ta wọlé, Wilson já bọ́ọ̀lù gbà bí Kansas ṣe fẹ́ jù ú wọ pápá, ó sì ju alámì mẹ́ta tirẹ̀ láti sọ ọ́ di ọ̀mì. Ẹni tó ń gbé abọ́ ọbẹ̀ kọjá níwájú mi dúró gbagidi. Houston borí ní 92 sí 86 nínú àfikún àkókò kejì. Wọ́n parí ìdíje Big 12, ìyẹn líìgì tí Houston wà, pẹ̀lú ìṣẹ́gun 19 àti ìpàdánù kan péré.

Ìyá Gáàdì, Katy:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù yìí tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi tó ń gbá ipò gáàdì ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ló fà mí wọ inú rẹ̀, nítorí pé ènìyàn kò lè máa wakọ̀ gbé ọmọ lọ síbi ìdánrawò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ọmọ náà ń bá kiri. Eré Purdue nínú ìdíje NCAA ní Indianapolis, ní ìparí oṣù kẹta 2025, ni mo fẹ́ sọ. Àmì 60 ni ẹgbẹ́ méjèèjì ní, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Houston sì ni yóò ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀yìn ìlà. Ọmọ mi pariwo pé Cryer ni yóò jù ú. Ó jọ pé gbogbo ará Purdue rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé Uzan tó di bọ́ọ̀lù mú lẹ́yìn ìlà ni kò sí ẹni tó ka sí. Ó jù ú sí Joseph Tugler, òmìrán kan nínú ẹgbẹ́ Houston, ó wọ pápá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Tugler dá a padà fún un, ó sì gbé e sínú àwọ̀n nígbà tí kò ku ju ìṣẹ́jú àáyá 0.9 lọ. 62 sí 60. Àmì 22 ni Uzan nìkan ní lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi ti jáwọ́ nínú ẹ̀sùn tó máa ń fi kan olùkọ́ rẹ̀ pé kì í jẹ́ kí òun jù sí àwọ̀n tó. Ó wá ń wo ohun tí ẹni tó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ń ṣe. Ó ń dá eré dúró lórí tẹlifíṣọ̀n, yóò sì máa fi ìka hàn mí: “Mọ́mì, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀.” Oúnjẹ mi á sì máa jóná lórí iná.

Ògbólógbòó Cougar:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mo ti wà ní ìlú yìí láti ìgbà tí Ọlájùwọ́n tiwa, ọmọ Èkó, ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù fún akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis ní yunifásítì náà, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Akeem. Ní 1983 a gbà pé kò sí ẹgbẹ́ tó lè dúró níwájú wọn. NC State sì fi àmì 54 sí 52 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Albuquerque. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù tí Lorenzo Charles kì bọ inú àwọ̀n ní ìgbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni mo máa ń rántí. Àmì 52 ni ẹgbẹ́ méjèèjì ní, NC State sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáùlù sí Alvin Franklin, gáàdì tó jẹ́ pé ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn ní yunifásítì. Bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tó jù kò wọlé. Ọlájùwọ́n ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù nínú ìpele àṣekágbá ìdíje náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù, kí ni èyí sì fẹ́ ṣe fún un? Òmìrán ló wà lábẹ́ àwọ̀n, gáàdì tó jẹ́ ọmọdé ni ẹrù náà já lé lórí.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí eré Duke, eré tó ṣáájú àṣekágbá, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2025, àwọn gáàdì ni ojú mi wà lára wọn. Àmì 14 ni Duke fi ṣáájú nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó sì ṣì ku mẹ́fà láàárín wọn nígbà tí ìṣẹ́jú kan kò pé mọ́. Sharp ju alámì mẹ́ta. Wilson tí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tún já bọ́ọ̀lù gbà bí ó ti ṣe ní Kansas; èyí tó jù kò wọlé, ṣùgbọ́n Tugler bá a lókè, ó sì rọ́ ọ wọlé. Roberts ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì, Cryer náà ju méjì, kò sì sí ọ̀kan tó yẹ̀ nínú wọn. 70 sí 67. Àmì 26 ni Cryer ní. Bí ẹ bá béèrè ohun tó fi wọ́n yàtọ̀ sí àwọn ti ìgbà èwe mi, yóò jẹ́ pé Sampson ní gáàdì mẹ́rin tó lè gbọ́kàn lé ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tó ti orí bẹ́ǹṣì wá.

Ará San Antonio:

Ẹ má bínú, Bàbá, n kò gbà pátápátá. Mo wà ní pápá Alamodome níhìn-ín ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin tí Florida fi borí wọn ní 65 sí 63 nínú eré àṣekágbá. Òótọ́ ni pé wọ́n dí Walter Clayton, gáàdì Florida, lọ́nà débi pé kò ní àmì kankan ní ìdajì àkọ́kọ́, ẹni tó ní 34 lójú Auburn ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Òótọ́ sì ni pé Houston fi 12 ṣáájú ní ìdajì kejì. Ṣùgbọ́n láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí i pé ó ti rẹ àwọn gáàdì mẹ́ta náà, Cryer, Sharp àti Uzan. Wọ́n ń dé ibi tó yẹ, àmọ́ wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó dé e. Florida ní Clayton, Alijah Martin àti Will Richard, Denzel Aberdeen sì tún ń ti orí bẹ́ǹṣì wọlé láìṣojo. Nígbà tí Florida fi àmì méjì ṣáájú ní ìgbẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Sharp, ó fò sókè kí ó jù ú, Clayton sì ti dé ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí ó bá jù ú, Clayton á gbá a dànù. Bí ó bá dì í mú délẹ̀, adájọ́ á fọn fèrè. Ó fi í sílẹ̀, òfin kò sì jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án mọ́, àwọn ará Florida sì kó lé e lórí títí àkókò fi parí. Lójú tèmi, Arceneaux àti Wilson yẹ kí wọ́n ti gba ìṣẹ́jú púpọ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì, nígbà tí 12 ṣì wà nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ àwọn mẹ́ta tó kù lè ní agbára ní ìgbẹ̀yìn.

Ará Bissonnet, Houston:

Àbúrò, ohun tí ẹ sọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ó bá mú wọn jáde tí 12 náà sì yọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè ìdí tí Cryer fi jókòó. Ibi tí mo bá yín dé ni pé Uzan nìkan ló gbé ẹrù bọ́ọ̀lù gòkè fún ìgbà tó pọ̀ jù nínú sáà náà. Fún sáà 2025 sí 2026, Uzan àti Sharp padà wá, Kingston Flemings, gáàdì ọ̀dọ́ láti San Antonio tiyín, sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó bá ti rí Uzan àti Flemings pọ̀ ní Fertitta Center, pápá ilé Houston, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún wa: nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ Uzan mọ́, ibo ló ń dúró sí?